Ṣé ìwé ìtàn àròsọ tí a fẹ́ràn jù ni ó ń yan ẹni tí a ó dá lẹ́bi fún wa?

Akàwégbàgbéoúnjẹ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀, nítorí ó gùn díẹ̀, n kò sì fẹ́ gé e kúrú.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ tẹ ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa nílùú Ìbàdàn pẹ̀lú sílíńdà gáàsì tí kì í ṣe tirẹ̀. N kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ṣe ni ó pọn sílíńdà náà sẹ́yìn, tí ó fi tówẹ̀lì bò ó bí ẹni tí ó pọn ọmọ. Bí kì í bá ṣe bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń ti ìrun àsálẹ̀ bọ̀, tí ó sì wọ àárín òun àti àwọn èrò, ohun mìíràn ni à bá máa sọ lónìí. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ tí a padà sílé, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi. Èmi ní ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé ni, mo sì fi kún un pé ìyá tí ó bá kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́, òun náà ni yóò sunkún ọmọ. Àbúrò mi wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò tíì béèrè ibi tí ó sùn lánàá, ẹ ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀."

Orí ibùsùn ni mo wà lóru kí ó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Ìwé tí mo fẹ́ràn jù láyé mi ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1938. Bàbá mi ni ó ń kà á sí mi létí kí n tó mọ ìwé kà. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé ilé Ìrágbèje nínú ìwé náà, ọjọ́ méje ni ó fi ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n, ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọ sì wà lára ohun tí ó tẹnu mọ́. Láti kékeré ni mo ti gbà bẹ́ẹ̀ pé bí ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan bá ṣe rí ni ìlú yóò ṣe rí. Nígbà tí ọba inú ìwé náà ń wá àlàáfíà ìlú, akíkanjú ọkùnrin ni ó wá kiri. Kò sí ẹni tí ó bi í bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe ìlú.

Ti àbúrò mi yàtọ̀. Atótó Arére tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó jáde ní ọdún 1981, ni ó ń gbé kiri bí ẹni gbé tírà, ó sì ti kà á tó ìgbà mẹ́rin tí mo mọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò bá ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àlàbá rìn láti kékeré títí tí ó fi di ọ̀daràn, bí òǹkàwé bá sì bojú wẹ̀yìn, kì í rọrùn fún un láti nàka sí oríta tí ọmọ náà ti ṣìnà. Ẹni tí ó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kò lè rí ọmọ tí ó pọn sílíńdà kí ó má bi í pé níbo ni ó ti ń bọ̀.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé ìwé tí a fẹ́ràn ni ó ń fún wa ní ojú tí a fi ń wo àwùjọ, àbí ojú tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ni ó ń yan ìwé fún wa? Ẹ̀yin tí ẹ ti kíyè sí i lára yín, ẹ dákun, ẹ má fi òwe nìkan dá mi lóhùn. Ẹ sọ ìwé, kí ẹ sì sọ ohun tí ó ṣe fún yín.

Olùkọ́ Èdè dáhùn pé:

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin akàwé wa. Ìbéèrè yín bá mi níbi tí ó ti ń dùn mí.

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mo ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ka Fágúnwà. Nígbà tí èmi fúnra mi wà ní kékeré, Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọdẹ náà. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó kí ara ó máa gbọ̀n mí fún ayọ̀. Ẹ ó rántí pé nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ sí Òkè Láńgbòdó, obìnrin Kàkó kò fẹ́ kí ó lọ. Ó dì í mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kàkó fa àdá yọ, ó sì ṣá a, obìnrin náà kú, ìrìn àjò sì ń bá a lọ. Èmi tí mo ka ìwé yìí ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí mo tún kà á ní ogún ọdún, tí mo sì ti fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní àìmọye ìgbà, n kò dúró ní ojú ìwé náà rí. Mo máa ń kọjá rẹ̀ bí ẹni tí ó ń fo gọ́tà.

Ní ọdún tí ó kọjá ni a ń kà á ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan ni mo ní kí ó máa kà á sókè. Ó kà á débẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo ní kí ó máa bọ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé wọn kò mú un ni?" Àwọn ọmọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n má purọ́. Kí aago tó lù ni ẹ̀rín yẹn ti di ẹ̀gún sí mi lọ́fun, nítorí mo rántí pé ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ máa ń lù ú, ohun tí àwa ọmọdé sì ń sọ nípa ọkùnrin náà ni pé kò fẹ́ kí ìyàwó dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́. A kò sọ pé ìkà ni. Alágbára ni a ń pè é.

N kò sọ pé Fágúnwà ni ó kọ́ ọkùnrin náà ní lílù; kò dájú pé ó mọ̀wé kà rárá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé tí mo fẹ́ràn kọ́ mi ní ibi tí mo lè fi ojú fò. Ẹ̀yin béèrè bí ìwé ṣe ń yan ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Ní tèmi, ẹni tí n kò ní dá lẹ́bi ni ó kọ́kọ́ yàn fún mi.

Ẹ má sì rò pé mo ti kọ ìwé náà sílẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Èdè tí ó wà nínú rẹ̀, n kò tíì rí irú rẹ̀.

Mẹkáníìkì Tí Ń Kàwé dáhùn pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀ ń fi ẹrù tí kò tọ́ sí ìwé rù ú. Ohun tí ó ń kọ́ ènìyàn nípa àwùjọ ni ebi, owó ilé, àti ojú tí wọ́n fi wò ọ́ nígbà tí o wọ aṣọ iṣẹ́ tí epo ti bà jẹ́ wọ inú báǹkì. Èmi kò rí inú ìwé ìtàn tí wọ́n ti kọ́ mi ní èyí.

Síbẹ̀, mo ní ẹ̀rí kan tí yóò ta ko ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán, n kò sì ní fi pamọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ní àpótí ìwé kan lábẹ́ tábìlì, Àjà ló Lẹrù àti Àgbàlagbà Akàn tí Òkédìjí kọ sì wà níbẹ̀, ti ọdún 1969 àti ti ọdún 1971. Bí oníbàárà kò bá sí, a ó máa kà á. Ẹ mọ Lápàdé: ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, òun àti Tàfá Ìgìrìpá ni wọ́n sì jọ ń lépa àwọn ọ̀daràn. Ìtàn náà dùn mọ́ wa débi pé a sọ ọmọṣẹ́ kan ní Tàfá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára di òní.

Lẹ́yìn ọdún bí i mélòó kan, àwọn agbófinró kan dá mi dúró lóru lójú ọ̀nà, wọ́n sì gba owó ọkọ̀ oníbàárà tí ó wà lápò mi. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń tú búùtù, ẹ mọ ohun tí mo ń ṣe? Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá Lápàdé. Mo gbà lọ́kàn mi pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí yóò sọ pé ó tó. Kò sí. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó pé ìwé náà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, èmi ni n kò gbọ́. Ibo ni Òkédìjí fi ọlọ́pàá rere sí? Ìta ni ó fi í sí. Ó ti bọ́ aṣọ sílẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n akàwé, bóyá ìwé ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe kíá. Ó dúró dè mí fún ọdún mẹ́sàn-án kí ìyà tó wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Mo tún fẹ́ dárúkọ Kúyẹ̀ tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní ọdún 1964, ọmọ òrukàn tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Ìwé náà ni kò jẹ́ kí n lè bá wọn pe ẹnikẹ́ni ní "odi" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akówèéjọ Àgbà dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì fẹ́ fi tèmi kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ti ń rẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí Fágúnwà. Ní ọdún 1929, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, orúkọ obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ti dàgbà, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó sì ń jẹ́wọ́ bí òun ṣe fi ìgbà èwe òun lo ẹwà láàárín àwọn ọkùnrin Èkó. Ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń sunkún, ó ń kọrin ìyìn Olúwa, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Lẹ́tà náà ń jáde títí wọ ọdún 1930, ọdún náà ni wọ́n sì kó o jọ di ìwé. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ni ó ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé a máa kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nípa Sẹ̀gilọlá bí ẹni pé ojúlé kejì sí tiwọn ni ó ń gbé.

Ìdí tí mo fi mú èyí wá ni pé a máa ń rò pé ẹ̀kọ́ tí òǹkọ̀wé fi sí ìparí ìwé ni ó ń wọ inú wa. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní kí Sẹ̀gilọlá sọ ẹ̀kọ́ inú ìtàn rẹ̀, yóò ní kí ọmọbìnrin tọ́jú ara rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ìyá gbogbo ń kọ́ ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà ṣe sí àwọn tí ó kà á tóbi ju ẹ̀kọ́ yẹn lọ: obìnrin tí wọn ì bá tutọ́ sí bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lójú pópó ni wọ́n jókòó tì fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n ń gbọ́ ọ láti ẹnu ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń retí ìwé ìròyìn tí ó kàn kí wọ́n lè mọ bí ara rẹ̀ ṣe jí. Ẹni tí ó bá ti fi oṣù mẹ́jọ retí ohùn ènìyàn kan yóò ṣòro fún un láti sọ pé kì í ṣe ènìyàn.

Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí ìwé kan ṣe fún mi, n kì í béèrè ohun tí ó ní kí n ṣe. Ẹnu ta ni a fi sọ ọ́? Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi nìyẹn. Ẹ wo Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní ọdún 1969. Ìtàn àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ ìsìn Olúmokò ni, bí Àjàyí ṣe kọ̀ tí ó ní àjàgà náà tó, tí wọ́n sì jà fún òmìnira. Òǹkọ̀wé kò fi ẹnu ẹnì kan ṣoṣo sọ ọ́. Àjàyí yóò sọ títí dé ibì kan, ẹlòmíràn yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, Ìbíwùmí náà yóò sọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo kà á, ogun abẹ́lé kò tíì parí, orí rédíò sì ni olúkúlùkù ti ń gbọ́ pé ohùn kan ṣoṣo ni òótọ́. Ìwé yẹn ni ó bà á jẹ́ fún mi. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá wá bá mi pé aládùúgbò òun ṣe òun báyìí báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí n ó sọ ni pé kí wọ́n lọ pe aládùúgbò náà wá. Ìyàwó mi a máa bínú sí i púpọ̀, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé òun ni ó mú ẹjọ́ wá.

Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí fún yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àkàrà-ògùn nìkan ni ó ń sọ ìtàn fún akọ̀wé nínú ìwé tí ẹ fẹ́ràn yẹn. Obìnrin Kàkó kò rí ẹni bi í. Ọmọ yín tí ó dákẹ́ lẹ́nu ìwé kíkà, ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń wá ẹlẹ́rìí kejì.

Ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Tèmi kò gùn. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ni ìwé tèmi, ti ọdún 1974. Mo kà á kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo sì ti tò ó sọ́kàn bí ayé mi yóò ṣe rí: ìrọ̀lẹ́ tí ó tutù, aṣọ tí ó bá ara mu, lẹ́tà ìfẹ́ tí a fi Yorùbá tí ó jinlẹ̀ kọ, àti ọkùnrin bí i Àjàní tí kò ní mọ ẹni tí òun ìbá mú. Nígbà tí mo débẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá ni a wà ní yàrá ẹni mẹ́rin, omi kò yọ, àwọn olùkọ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Mo bínú sí ìwé náà fún ọdún kan gbáko, mo rò pé ó parọ́ fún mi. Ìgbà tí ó yá ni mo wá rí i pé kò parọ́. Ó sọ bí ó ṣe rí nígbà tirẹ̀. Láti inú ìwé ìtàn ìfẹ́ ni mo ti mọ̀ pé ohun kan ti wà rí tí ó ti bọ́ sọnù, tí ó sì yẹ kí ẹnì kan wá sọ fún wa bí ó ṣe sọnù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọn kò kà á gbà pé bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn, wọ́n sì pọn omi wọn lọ láìbínú. Èmi ni mo dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn òbí mi ṣì rò pé ẹgbẹ́ búburú ni ó kó bá mi. N kò tíì sọ fún wọn pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣọ̀lá ni.

Akàwégbàgbéoúnjẹ padà wá, ó ní:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá jù lọ lọ́wọ́ bàbá tí ojú ń rẹ̀. Ẹ kú ìnáwó ojú o, sà.

Mo gba Atótó Arére lọ́wọ́ àbúrò mi lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti kà á dé ìdajì. Ó le fún mi. Ní gbogbo ìgbà tí Àlàbá bá ṣe ohun tí kò tọ́, ọwọ́ mi ń wá Ìrágbèje kiri kí ó wá bá mi sọ̀rọ̀, kò sì wá. Òun náà ti gba Fágúnwà mi, ó sì ti fi bírò fa ìlà sí i lábẹ́ ní ibi mẹ́ta, ohun tí bàbá mi kò ní dárí rẹ̀ jì í bí ó bá wà láàyè. Ní ti ọmọkùnrin onísílíńdà, bàbá tí ó gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ fún mi pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn aláta ni ó ń sùn, àti pé ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìyá tí mo ní ó kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ kò sọ ìdáhùn tí ẹ fún ọmọbìnrin náà. Kí ni ẹ sọ?

Olùkọ́ Èdè dáhùn pé:

Lọ́jọ́ náà, n kò sọ nǹkan kan. Aago lù, mo sì dúpẹ́ pé ó lù.

Ní ọjọ́ kejì ni mo ní kí gbogbo kíláàsì lọ kọ ojú ìwé kan: kí obìnrin Kàkó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin kọ pé obìnrin náà jẹ̀bi. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè kò kọ ju ìdajì ojú ìwé lọ, kò bú Kàkó, kò sì dárúkọ àdá rárá. Gbólóhùn tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé: "Mo ti dín ẹja tí yóò jẹ lọ́nà, mo sì ti wé e sínú ewé."